Èènì tó Dá Kọ̀ǹpútà Àmúsà Dúró

Ṣùáíbù lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Mùṣín ni. Ó ti ń tún rédíò ṣe kí irùngbọ̀n tó yọ lágbọ̀n rẹ̀. Kò sí rédíò tí kò lè tú palẹ̀. Títò ó padà ló máa ń dìjà.

Ọdún 1994 ló dé Sharjah, ìlú tó fara kan Dubai. Visit visa ló fi wọlé, àpò kan ló gbé lọ́wọ́. Àmúsà, ọmọ Èkó bíi tirẹ̀, ló gbà á síṣẹ́. Àmúsà yìí làwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń rajà ní Deira ní Dubai máa ń gbé ẹrù fún. Ó ní ilé ẹrù kan ní Al Quoz. Ẹni tó ra bàtà, ẹni tó ra léèsì, ẹni tó ra fáànù, gbogbo wọn á kó o wá bá a. Yóò dì í pọ̀ sínú kọ̀nténà kan, ó di Èkó. Ẹrù ni Ṣùáíbù ń rù níbẹ̀. Ó rù ú títí ọrùn rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú èjìká.

Nígbà yẹn, búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà dúdú ni Àmúsà fi ń kọ orúkọ oníkálukú sára ẹrù. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ kò dáa. Bó bá kọ H, àkàbà ni. Bó bá kọ S, ejò tí wọ́n ti pa ni. Lọ́dún kan, léèsì Alhaja Hameedat lọ balẹ̀ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan ní Agége. Ẹrù ọkùnrin náà sì lọ balẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù Alhaja ní Ìdúmọ̀tà. Alhaja ti pe àwọn oníbàárà rẹ̀ jọ pé kí wọ́n wá wo ọjà tuntun. Ó fi ọ̀bẹ la àpò lójú wọn. Póò ọmọdé ló ń tú jáde, pupa, yẹ́lò, aláwọ̀ ewé. Oníbàárà kan béèrè bóyá ó ní ìborùn tó bá a mu.

Alhaja wọ bàálù wá sí Dubai nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tó sọ fún Àmúsà, Àmúsà kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ibẹ̀ ni Ṣùáíbù ti rí àyè. Ó ti ń fúnra rẹ̀ kọ́ kọ̀ǹpútà lára àwọn àlòkù tí wọ́n ń kó lọ Èkó. Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kọ ètò kan sínú kọ̀ǹpútà. Á máa tẹ orúkọ jáde sórí bébà. A ó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrù."

Àmúsà ní, "Bó bá ṣiṣẹ́, wàá jókòó sídìí tábìlì. Bí kò bá ṣiṣẹ́, o ó padà sídìí ẹrù. Búrọ́ọ̀ṣì mi ń bẹ lórí ìṣó."

Ó ṣiṣẹ́. Wọ́n fún Ṣùáíbù ní àga tó ń yípo. Ó yí i lọ́jọ́ kìíní títí òòyì fi kọ́ ọ. Ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gùn padà. Ṣùgbọ́n Àmúsà kò yọ búrọ́ọ̀ṣì náà kúrò lórí ìṣó.

Ó di oṣù kejì ọdún 1998. Ààwẹ̀ ti parí, Iléyá ń bọ̀. Ọkọ̀ òkun kì í sáré. Ẹrù tí kò bá kúrò nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kò ní bá Iléyá. Tírélà ti dúró sẹ́nu ilé ẹrù láàárọ̀. Dilawar ló ń wà á, ọmọ ẹ̀yà Pàtáánì kan láti ilẹ̀ Éṣíà, tó ga bí òpó iná. Ó ti sọ tirẹ̀: bí wọ́n bá pe ìrun Àsárì tí wọn ò tíì ti ilẹ̀kùn kọ̀nténà, òun ń lọ. Pọ́ọ̀tù kì í dúró de ẹnì kan.

Ṣùáíbù jókòó. Ó tẹ bọ́tìnnì. Kọ̀ǹpútà ń ka orúkọ, kó lè tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò tẹ ẹyọ kan. Ó kọ Segmentation fault sójú. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, mo kú.

Ó tún un tẹ̀. Ó tún kú.

Alhaja Hameedat wà níbẹ̀. Ọlọ́ládé náà wà níbẹ̀, oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ Alhaja ní Ìdúmọ̀tà. Ọmọ Ṣọ́ọ̀ṣì ni, ẹnu rẹ̀ mú. Àwọn méjèèjì jọ ń jà, wọ́n jọ ń rìnrìn àjò, wọ́n jọ ń sùn ní yàrá kan náà ní Deira.

Alhaja ní, "Ṣùáíbù ọmọ mi, kí ló ń ṣe é?"

"Ó ṣubú, màmá. Ẹ má fòyà. Mo ní dìbọ́gà."

Dìbọ́gà yìí, irinṣẹ́ kan ni. Wọ́n máa ń fi dá ètò kọ̀ǹpútà dúró láàárín ìrìn, kí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò, kí wọ́n mọ ibi tó ti kọsẹ̀. Bí mẹkáníìkì ṣe ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń kùn. Ṣùáíbù pe dìbọ́gà. Dìbọ́gà náà kú.

Ṣùáíbù sún mọ́ kọ̀ǹpútà bí ẹni fẹ́ gbọ́ èémí rẹ̀.

Àmúsà ní, "Kí ló tún kù?"

"Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo fẹ́ fi wo àìsàn náà ni òun fúnra rẹ̀ ń ṣàìsàn."

"Dókítà ti dùbúlẹ̀ ti aláìsàn?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀."

Àmúsà gbójú sókè wo ìṣó.

Ṣùáíbù ka ohun tí dìbọ́gà kọ kó tó kú. Ó ní láíbìrì tí òun bá nílẹ̀, òun kò mọ̀ ọ́n rí. Òógùn bo Ṣùáíbù. Ó ti rántí. Èènì ni.

Ọmọ Èkó kò lè rajà kó má béèrè èènì. Bó ra ẹ̀wà, èènì. Bó ra ilẹ̀, á béèrè. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, Ṣùáíbù lọ ra íǹkì pírńtà lọ́dọ̀ Shaji ní Deira. Ọmọ Kerala ni Shaji. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti fi ọ̀rọ̀ yìí dà á láàmú títí ó fi mọ̀ ọ́n ní Yorùbá.

Ṣùáíbù ní, "Shaji, èènì mi dà?"

"Habibi, íǹkì ni o rà. Èènì íǹkì wo? Kí n kán an sí ọ lọ́wọ́?"

Ṣùáíbù kò lọ. Ó dúró. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. Shaji mí kanlẹ̀, ó kiwọ́ bọ abẹ́ tábìlì, ó fà sídíì kan yọ. Ètò ọ̀fẹ́ ló kún inú rẹ̀. Aago wà níbẹ̀, ayò wà níbẹ̀, ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà náà wà níbẹ̀.

Ṣùáíbù kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà Àmúsà. Èènì kì í ṣe ohun téèyàn ń fi sílẹ̀. Ìgbà tó kan ẹja, kọ̀ǹpútà kìlọ̀ fún un. Ó ní pákéèjì yìí gbé láíbìrì tirẹ̀ wá, orúkọ rẹ̀ bá ti èyí tó wà nílẹ̀ mu, àwọn méjèèjì yóò jà. Ṣùáíbù ní kó fi tipátipá gbé e wọlé. Ẹja jáde. Ó ń lúwẹ̀ẹ́, ó ń tú ìfóòfó omi lẹ́nu. Àwọn alẹ́rù fi ẹrù sílẹ̀ wá wò ó. Àmúsà fúnra rẹ̀ gbé àga wá.

Ọ̀rọ̀ láíbìrì yìí, báyìí ló rí. Bedspace, ìyẹn yàrá tí wọ́n ti ń háyà ibùsùn nìkan, tí Ṣùáíbù ń sùn sí ní Al Majaz ní Sharjah, ọkùnrin mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, sílíńdà gáàsì kan ni wọ́n ní. Gbogbo wọn ló jọ ń lò ó. Kọ̀ǹpútà náà bẹ́ẹ̀. Ètò pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn irinṣẹ́ kan wà tí gbogbo wọn jọ ń lò. Ìyẹn ni láíbìrì. Bí ẹnì kan bá gbé sílíńdà ilé jáde, tó gbé òmíràn wọlé tí ẹnu rẹ̀ yàtọ̀, sítóòfù ẹlòmíì á ṣì mú iná. Ti ẹlòmíì á kọ̀. Ti dìbọ́gà ló kọ̀ yìí. Ẹja ló gbé sílíńdà tuntun wá.

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn nìyẹn.

Ọlọ́ládé ní, "Nítorí ẹja tí kò ṣeé jẹ?"

Alhaja ní, "Kí lo ń wò? Yọ èènì náà kúrò!"

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rò ó."

"Kí lo fẹ́ rò? Ohun tí kò bára mu, wọ́n ń yọ ọ́ ni. Yọ ọ́!"

Gbogbo ilé ẹrù gbà á lẹ́nu rẹ̀: yọ ọ́, yọ ọ́. Dilawar kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, òun náà ń fi Lárúbáwá pariwo pé ó yá: "Yalla! Yalla!" Ọwọ́ Ṣùáíbù yá ju orí rẹ̀ lọ. Ó pa láíbìrì tuntun rẹ́.

Ó wá rántí pé èyí tuntun ti gorí ti àtijọ́. Kò sí ti àtijọ́ mọ́. Sílíńdà kan ṣoṣo tó wà nílé ló gbé jù síta yẹn.

Ó ní kí kọ̀ǹpútà fi fáìlì han òun. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é mọ́. Ó ní kó sọ ọjọ́ tí wọ́n wà. Kò mọ̀. Ó ní kó pa ara rẹ̀ kó tún tàn. Ìyẹn pàápàá, kò mọ̀ ọ́n. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ti dákẹ́. Ẹja nìkan ló kù. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí lúwẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó yọ láíbìrì, kò sì tíì gbọ́ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀.

Ọlọ́ládé bú sẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ di ògiri mú. "Ẹ gbà mí o! Wetin be dis? Ilé jóná, ẹja ń lúwẹ̀ẹ́!"

Àmúsà dìde. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì kúrò lórí ìṣó. Ó fẹ́ eruku orí rẹ̀.

Alhaja rí i. "Àmúsà! Fi nǹkan yẹn sílẹ̀!"

"Alhaja, àkókò ń lọ."

"Mo ní o fi í sílẹ̀! Póò ni mo máa tún tà níléyá?" Ó yíjú sí Ṣùáíbù. "Ìwọ, kí ló lè gbà wá?"

"Sídíì tí mo fi kọ́kọ́ gbé Línúksì, ètò tó ń darí rẹ̀, sínú kọ̀ǹpútà yìí. Láíbìrì àtijọ́ wà nínú rẹ̀. Ó wà nílé mi, ní Al Majaz."

"Dìde. A jọ ń lọ ni. Kí o má bàa sá gba ibẹ̀ wọ bàálù."

Takisí ni wọ́n wọ̀. Alhaja jókòó síwájú. Títí dé Sharjah ló ń júwe ọ̀nà fún awakọ̀, bẹ́ẹ̀ kò mọ̀nà. Awakọ̀ náà ní, "Yes, Mama. Yes, Mama," ó sì ń gba ibi tó wù ú.

Nígbà tí wọ́n dé Al Majaz, Ṣùáíbù ní kí Alhaja dúró nísàlẹ̀ nítorí ọkùnrin nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Alhaja ní òun bí ọkùnrin mẹ́rin, kò sí ohun tí òun fẹ́ rí tí òun kò tíì wẹ̀ rí. Ó gòkè. Ó ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó wà nínú táwẹ̀lì sá wọ abẹ́ ibùsùn. Ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì kúnlẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu, ó ní, "Ẹ káàsán, màmá."

Ṣùáíbù tú àpótí rẹ̀. Sídíì kò sí níbẹ̀. Ó gbọ́ tí ẹnì kan ń súfèé ní balùwẹ̀. Ó lọ wò ó. Fàtáì ni, tí wọ́n jọ ń gbé. Ó fi okùn so sídíì kọ́ sára ògiri, ó ń fi ṣe dígí, ó ń fá irùngbọ̀n. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ti mọ́. Ẹ̀gbẹ́ òsì ṣì wà nínú ìfóòfó ọṣẹ.

"Fàtáì! Láti ìgbà wo?"

"Láti bí oṣù mẹ́ta. Ó dáa ju dígí lọ, ó ń yọ bí òṣùmàrè. Dúró, jẹ́ kí n parí ẹ̀gbẹ́ kejì."

Ọwọ́ Alhaja ti kọjá lọ́rùn Ṣùáíbù. Ó já sídíì náà gbà. "Ọmọ mi, ojú rẹ dáa báyìí. Má fi abẹ bà á jẹ́."

Fàtáì lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú irùngbọ̀n ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀gá rẹ̀ rò pé nǹkan ẹ̀sìn ni, kò béèrè.

Nínú takisí, Alhaja fi etí ìborùn rẹ̀ nu ọṣẹ kúrò lójú sídíì. Ó ń nù ú, ó ń ka Bísímílà. Ó gbé e sókè síbi oòrùn, ó wo ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó tún gèlè ṣe. "Òótọ́ lọmọ yẹn sọ. Ó dáa ju dígí lọ."

Wọ́n dé Al Quoz. Ẹja ṣì ń lúwẹ̀ẹ́. Dilawar jókòó sórí táyà, ó na ìka sí oòrùn pé bí Àsárì bá dé, ó parí. "Asr, khalas!"

Ṣùáíbù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní kí Alhaja fọwọ́ bo ẹnu Ọlọ́ládé, kí Ọlọ́ládé fọwọ́ bo ti Alhaja. Wọ́n ṣe é lóòótọ́. Ó fa wáyà iná yọ. Ẹja kú. Ó ti dísíkẹ́ẹ̀tì ìdáǹdè bọnú kọ̀ǹpútà, èyí tó lè jí i láìlo ohun tó wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà jí díẹ̀. Ó fi sídíì sí i. Sídíì náà ń hó gììrì gììrì bí ẹni jẹ yanrìn. Ọṣẹ ṣì wà létí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kà á.

Ṣùáíbù kó láíbìrì àtijọ́ padà sáyè rẹ̀. Ó yọ pákéèjì ẹja, òun àti gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e wá. Ó ní kí kọ̀ǹpútà tún ohun tó wà nílé kà, kó mọ ohun tí wọ́n jọ ń lò. Lẹ́yìn náà ló yọ dísíkẹ́ẹ̀tì, ó pa á, ó tàn án.

Ó tàn. Ó sọ ọjọ́. Ó fi fáìlì hàn.

Àmúsà rọra ní, "Ẹja ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹja àbí kọ̀nténà?"

Àmúsà bojú wo tírélà níta. "Kọ̀nténà."

Ṣùáíbù pe dìbọ́gà. Dìbọ́gà dáhùn. Ṣùáíbù fi àga náà yípo lẹ́ẹ̀kan kó tó mọ̀ pé òun ń yípo. Ó ní kí ó mú ètò orúkọ rìn jẹ́jẹ́, kí ó dá a dúró níbi tó bá ti ṣubú. Ó rìn. Ó ṣubú. Dìbọ́gà di ibẹ̀ mú, ó sì fi ohun tó wà lọ́wọ́ ètò náà nígbà tó ń ṣubú hàn wọ́n.

Ṣùáíbù kà á sókè: "Alhaja Hameedat Àbẹ̀kẹ́, Ìyá Àdínì Ẹgbẹ́ Alásàlátù Ìdúmọ̀tà àti Agbègbè Rẹ̀."

Gbogbo ilé ẹrù yíjú sí Alhaja.

Nínú ààwẹ̀ ni wọ́n fi Alhaja joyè náà nílé. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe bó ṣe padà dé Dubai ni pé ó ní kí Ṣùáíbù fi sórúkọ òun. Àyè tí Ṣùáíbù gé fún orúkọ nínú ètò náà, Alhaja Hameedat lásán ló lè gbà. Oyè náà kún un, ó ṣàn kọjá, ó wọ àyè tó wà fún orúkọ tó tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni ètò ti kú.

Ọlọ́ládé yọ ọwọ́ Alhaja kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Orúkọ ta ló tẹ̀ lé e?"

Ṣùáíbù wò ó. "Tiyín ni, mà."

"Mo mọ̀! Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́! Ó fi táńpólì gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò sọ̀rọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ gba ibùsùn mi ní hòtẹ́ẹ̀lì, mi ò sọ̀rọ̀. Ó tún wá bá mi dénú kọ̀ǹpútà!"

Alhaja kò tijú rárá. Inú rẹ̀ dùn. "Ẹ ò rí i? Kọ̀ǹpútà òyìnbó kò lè gbé oyè mi. Ó gbé e, ó ṣubú."

Ṣùáíbù ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ Alhaja Hameedat, ká lọ. Àsárì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó."

"Kí o gé e?"

"Fún òní nìkan."

"Ṣùáíbù. Ìwọ lo fi ẹja pa kọ̀ǹpútà. Èmi ni mo fi aṣọ mi nu sídíì. Nínú àwa méjèèjì, ta ló yẹ kí wọ́n gé nǹkan rẹ̀?"

Àmúsà ṣì mú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ṣùáíbù wo búrọ́ọ̀ṣì, ó wo Alhaja. Ó yíjú sí kíbọ́ọ̀dù. Ó ṣí ètò náà, ó fa àyè orúkọ gùn. Ó fi kún un pé bí orúkọ bá tún pọ̀ ju àyè lọ, kí ètò náà dúró kó sọ̀rọ̀ bí ọmọlúwàbí, kó má kàn kú. Ó ṣe é. Ó tẹ bọ́tìnnì.

Pírńtà hó. Bébà ń jáde. Ọlọ́ládé jáde. Bàtà jáde, fáànù jáde. Ti Alhaja jáde, ó gùn bí ọ̀já.

Ìgbà náà ni wọ́n rí i pé gọ́ọ̀mù wà, kò sí ohun tí wọ́n á fi pa á. Gbogbo ojú lọ sọ́wọ́ Àmúsà. Àmúsà wo búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó tì í bọnú gọ́ọ̀mù.

Wọ́n sáré. Àmúsà ń pa gọ́ọ̀mù, Ọlọ́ládé ń lẹ̀, àwọn alẹ́rù ń jù ú sókè. Alhaja ń lẹ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpò léèsì yípo, orí oyè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìdí rẹ̀. Ẹni tó ń pe ìrun ti ń tún ọ̀fun ṣe nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sáláṣí nígbà tí Dilawar ti ilẹ̀kùn kọ̀nténà. Ó fi ẹsẹ̀ gbá a pa. "Khalas!"

Àmúsà fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ nínú gọ́ọ̀mù. Ó gan mọ́ ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó yọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, Ṣùáíbù fi fìlà rẹ̀ kọ́ orí ìṣó náà.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, tírélà ti ń kùn, Alhaja dúró lẹ́yìn àga tó ń yípo.

"Ọmọ mi, wọ́n ń sọ ọ́ ní mọ́sáláṣí pé àwọn tún fẹ́ fi mí jẹ nǹkan kan lẹ́yìn Iléyá. Ṣé àyè ṣì kù?"

"Ó kù, màmá," Ṣùáíbù dáhùn. "Mo fi èènì sí i."